Ẹ̀tù Kì Í Fẹ́ Epo

Ojú wọn ṣe mẹ́rin lọ́jọ́ tí àwọn ará àdúgbò wá fi orin dí ẹnu géètì bùdó àwọn Ẹ̀ṣọ́ Igbó.

Èrò pọ̀ lọ́jọ́ náà. Àwọn ìyá láti àwọn òpópónà ẹ̀yìn Ìbàfo ti so gèlè mọ́ ìdí, wọ́n ń pàtẹ́wọ́, wọ́n ń kọrin, wọ́n ní ìró ìbọn àwọn Ẹ̀ṣọ́ Igbó kò jẹ́ kí ọmọ sùn lọ́sàn-án, kò sì jẹ́ kí àgbàlagbà gbàdúrà nírọ̀lẹ́. Wọ́n ní bí ìbọn bá ti dún báyìí, àwọn tó wà ní ìpàdé àdúrà á wọ abẹ́ bẹ́ǹṣì, pásítọ̀ pàápàá á gbàgbé ibi tó kà dé nínú Bíbélì. Olúwadárasími dúró nínú géètì pẹ̀lú àwọn ẹ̀ṣọ́ yòókù, ó fa fìlà iṣẹ́ bo ojú, nítorí pé ìyá tó ń ṣáájú orin yẹn gan-an, òun ló bí i.

Ìgbà náà ló rí i. Ọmọkùnrin gíga kan tó gbé àpò Ghana-must-go kọ́ èjìká, kò kọrin, kò pàtẹ́wọ́, ó jọ ẹni tó sọ̀ kalẹ̀ ní bọ́sítọ́ọ̀pù tí kì í ṣe tirẹ̀. Ẹnì kan ti gbé páálí ìwọ́de lé e lọ́wọ́. Nítorí pé àgbàlagbà ló gbé e fún un, kò lè kọ̀ ọ́. Ó gbé e sókè tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀, ṣùgbọ́n ó dorí rẹ̀ kodò. Ó ń wo ọ̀tún, ó ń wo òsì, ó ń wá ibi tí yóò gbà dé géètì, ojú rẹ̀ sì bọ́ sínú ojú Dárasími.

Àfi bí ẹni pé wọ́n pa rédíò. Dárasími ń rí ẹnu tó ń ṣí tó sì ń padé, kò gbọ́ orin kankan mọ́. Ojú ọmọkùnrin náà tutù bí omi inú àmù, ó ń wò ó bí ẹni tó ti béèrè ọ̀nà lọ́wọ́ ọ̀pọ̀ èèyàn, tó wá dé ibi tó ń bọ̀. Dárasími kò mọ ohun tí èèyàn ń ṣe nírú àkókò bẹ́ẹ̀. Ó kàn fi ìka yí afẹ́fẹ́, pé kó yí páálí ọwọ́ rẹ̀ padà. Ọmọkùnrin náà wo páálí, ó yí i, ó rẹ́rìn-ín. Dárasími náà rẹ́rìn-ín, ó gbàgbé pé òun ń sá fún ojú ìyá òun.

Nígbà tí ẹ̀ṣọ́ tó wà lẹ́nu géètì bi í léèrè ohun tó ń wá, ó fa ìwé kan yọ lápò. Ẹ̀ṣọ́ tuntun ni. Ògúnkànmí lorúkọ rẹ̀, láti ẹ̀yìn Ifọ̀. Ìyá Dárasími já páálí náà gbà lọ́wọ́ rẹ̀, ó ní, "Ṣé ìwọ náà wà lára wọn ni? O ò sì sọ̀rọ̀." Ọmọkùnrin náà dọ̀bálẹ̀ fún un nínú eruku, tàpò-tàpò, ó bẹ̀ ẹ́, lẹ́yìn náà ló wọlé.

Nígbà tí wọ́n dá ilẹ̀ ìyìnbọn tí àwọn ẹ̀ṣọ́ ti ń dánra wò sílẹ̀, inú igbó ló wà. Ṣùgbọ́n Mowe àti Ìbàfo kì í dúró de ẹnikẹ́ni. Ibi tẹ́ ẹ bá fi sílẹ̀ ní igbó lánàá, ẹ ó bá fẹ́ǹsì lórí rẹ̀ lónìí. Àwọn Ẹ̀ṣọ́ Igbó náà kò sì lè ṣe kí wọ́n má yìnbọn, nítorí iṣẹ́ wọn ni láti máa rìn nínú igbó títí dé ẹ̀gbẹ́ Ọbáfẹ́mi, níbi tí àwọn ajínigbé ti ń dá àgbẹ̀ lọ́nà. Ọ̀gá Sàlísù tó ń darí bùdó jáde síta lọ́jọ́ ìwọ́de, ó fọkàn àwọn ìyá balẹ̀, ó ní òun ti gbọ́. Kò pẹ́ tí páálí kan fi dé láti ọ̀dọ̀ àwọn aláṣẹ òkè. Sáláńsà ló wà nínú rẹ̀, irin dúdú roboto bíi fúláàsì kékeré, èyí tí wọ́n ń yí mọ́ ẹnu ìbọn bí sáláńsà ti wà nídìí mọ́tò.

Láti ọjọ́ náà, ìró ìbọn dà bí ìgbà tí èèyàn bá pa ilẹ̀kùn mọ́tò dé. Àwọn ará àdúgbò dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run. Ìyá Dárasími jẹ́rìí ní ṣọ́ọ̀ṣì pé orin àwọn ló wó odi Jẹ́ríkò ti Ìbàfo.

Dárasími nìkan ni kò jẹ́rìí, nítorí òun ló ń tọ́jú àwọn ìbọn ní yàrá ìbọn. Ìbọn wọn jẹ́ irú èyí tó ń ki ọta fúnra rẹ̀. Bí ẹ bá fa ìfà rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, ọta kan jáde, irin kan tí wọ́n ń pè ní bóòtù á sáré sẹ́yìn, á ju èèpo ọta sọnù, á tún sáré síwájú pẹ̀lú ọta tuntun. Nígbà tí kò sí sáláńsà, ẹnu ìbọn ni èéfín ń gbà lọ. Ṣùgbọ́n sáláńsà ti dí ẹnu yẹn díẹ̀, ohun tó sì fi ń pa ariwo mọ́lẹ̀ nìyẹn. Èéfín tí kò rí ọ̀nà lọ síwájú á yíjú padà, á rọ́ wọ inú ìbọn, á máa ta ẹni tó ń yìn ín lójú bí èéfín igi tútù. Bí wọ́n bá fi máa dá ìbọn padà nírọ̀lẹ́, inú rẹ̀ ti dúdú bí ìdí ìkòkò, ojú àwọn ẹ̀ṣọ́ sì pọ́n bí ojú ẹni tó ń yan ẹja.

Ó wá yí iṣẹ́ rẹ̀ padà. Tẹ́lẹ̀, ó lè fi ìbọn sílẹ̀ di òpin ọ̀sẹ̀ kó tó tú u. Báyìí, kò sí ọjọ́ tí wọ́n yìnbọn tí kì í tú u. Ó ń fi búrọ́ọ̀ṣì ha ibi tí ọta ń jókòó sí. Ó ń nu inú mágasíìnì, àpótí kékeré tí wọ́n ń to ọta sí, nítorí dúdú yẹn ń bá ọta wọ ibẹ̀. Bí sáláńsà bá ti tutù, ó ń yí i kúrò lẹ́nu ìbọn, torí bí wọ́n bá fi í sílẹ̀ pẹ́, dúdú á dì í mọ́ra bí ìdérí ìgò oyin, ẹ ó fẹ́rẹ̀ẹ́ fi eyín ṣí i. Lẹ́yìn náà ló ń fún bóòtù ní ọ́ìlì, kì í ṣe kíkán bíi ti tẹ́lẹ̀. Ó ń jẹ́ kó tutù dáadáa. Ọ̀dọ̀ bùrọ̀dá ìyá rẹ̀ tó ń tún ẹ̀rọ ìránṣọ ṣe ní Mowe ló ti kọ́ ọ: ìdọ̀tí tó bá tutù á yọ̀ kúrò lójú ọ̀nà, èyí tó bá gbẹ á di símẹ́ńtì.

Iṣẹ́ yẹn ni ìgbéraga rẹ̀. Òun ni obìnrin àkọ́kọ́ tí wọ́n fún ní kọ́kọ́rọ́ yàrá ìbọn. Àwọn kan sọ pé ilé ìdáná ló yẹ ẹ́, ó gbọ́, kò dá wọn lóhùn, ó kàn ń jẹ́ kí ìbọn máa dáhùn fún òun.

Ògúnkànmí ní tirẹ̀ ló mọ̀ ọ́n yìn jù nínú gbogbo wọn. Ọmọ ọdẹ ni. Bó bá gbé ìbọn sójú, á dákẹ́ lọ rẹrẹ, bí ẹni tó ń gbọ́ ọ̀rọ̀ tí ẹlòmíràn kò gbọ́. Nírọ̀lẹ́, tí wọ́n bá tò sí ojú fèrèsé yàrá ìbọn láti dá ìbọn padà, òun ló máa ń kẹ́yìn, bó tilẹ̀ jẹ́ pé òun ló kọ́kọ́ dé. Á jẹ́ kí gbogbo ayé kọjá. Lẹ́yìn náà á fọwọ́ lé ojú fèrèsé, á pe Dárasími ní Ọ̀gá Ọ́ìlì, wọ́n á sì máa sọ̀rọ̀ títí oòrùn á fi wọ̀ sẹ́yìn àwọn ilé tí wọn kò tíì fi páànù bò. Ó sọ fún un nípa àǹtí tó tọ́ ọ dàgbà ní Àgbàdo, létí ọ̀nà ojú irin, àti bí ó ṣe máa ń lọ bá bàbá rẹ̀ lábúlé bí ọdún bá dé, tí wọ́n á jọ dẹ̀gbẹ́. Dárasími sọ ohun tí kò sọ fún ẹnikẹ́ni rí fún un, pé bí òun bá jí láàárọ̀, òórùn ọ́ìlì ọwọ́ òun máa ń wu òun ju páfúùmù lọ. Ọmọkùnrin náà kò rẹ́rìn-ín. Ó kàn wo ọwọ́ náà pẹ́.

Yínúsà, ẹ̀ṣọ́ tó jẹ́ ọ̀rẹ́ Ògúnkànmí, ló ń dà wọ́n láàmú. Lọ́jọ́ kan ó yọ orí láti ẹ̀yìn, ó ní, "Kànmí, ṣé ìbọn lo wá dá padà ni àbí ara ẹ? Àǹtí Dára, ẹ bá wa tì í mọ́lé síbẹ̀, kí àwa lè rójú jẹun."

Bẹ́ẹ̀ ni nǹkan dùn títí di ọjọ́ tí àwọn àlejò wá láti Owódé Ẹ̀gbá láti wá wo àwọn ẹ̀ṣọ́. Ògúnkànmí ni wọ́n fi síwájú. Ó yìnbọn, ó bà. Ó tún yìn, ó bà, wọ́n ní kó máa yìn lọ, ó yìn kọjá iye tó máa ń yìn lóòjọ́. Lẹ́yìn náà ló fa ìfà, ìbọn kò dáhùn. Èèpo ọta há sẹ́nu ọ̀nà. Ó yọ ọ́, ó tún gbé e sójú, ó tún há. Àwọn àlejò wo ara wọn. Ẹnì kan nínú wọn béèrè bóyá bẹ́ẹ̀ ni yóò ṣe rí bí ajínigbé bá dúró níwájú.

Nígbà tí wọ́n lọ tán, Ọ̀gá Sàlísù tú ìbọn náà fúnra rẹ̀ níwájú gbogbo ènìyàn. Ó fi ìka kan bóòtù, ó nà án sí Dárasími. Ìka náà dúdú, ó sì gbẹ.

"Níbo ni ọ́ìlì wà?"

Dárasími ní òun fi sí i láàárọ̀.

"Ìbọn kì í mu ọ́ìlì bí ọtí, Dárasími. Fóònù lo ń tẹ̀, o ò fi nǹkan kan sí i."

Kúẹ́rì dé ọwọ́ rẹ̀ kí ilẹ̀ tó ṣú. Wọ́n ní kó kọ èsì wá ní Mọ́ńdè. Bí èsì náà kò bá mọ́gbọ́n dání, á kó kọ́kọ́rọ́ yàrá ìbọn sílẹ̀, á lọ máa gé àlùbọ́sà ní ilé ìdáná. Dárasími kà á, ó ká a, ó sì jókòó sáàárín àwọn ìbọn. Ohun tó dùn ún kì í ṣe àlùbọ́sà. Ó mọ̀ pé òun fi ọ́ìlì sí ìbọn yẹn. Ọwọ́ òun rántí. Bí ọwọ́ èèyàn bá rántí nǹkan, tí gbogbo ayé sì ní kò rí bẹ́ẹ̀, kí ni èèyàn ó gbà gbọ́?

Ó pinnu láti ṣọ́ ìbọn náà. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì ó fún un ní ọ́ìlì lójú ara rẹ̀, ó gbé e fún Ògúnkànmí, ó dẹ̀rín sí i bíi ti tẹ́lẹ̀, lẹ́yìn náà ó ti ilẹ̀kùn, ó sì rìn gba ẹ̀yìn ilé. Àwọn ẹ̀ṣọ́ máa ń jókòó sábẹ́ igi kaṣú kí wọ́n tó lọ yìnbọn. Ó rí Ògúnkànmí níbẹ̀, òun nìkan, ó kẹ́yìn sí ọ̀nà. Ó ti ṣí ìbọn sílẹ̀ lórí itan. Ó mú aṣọ funfun kan tí wọ́n gé lára síńgílẹ́ẹ̀tì, ó ń nu bóòtù jẹ́jẹ́, bí ìyá ṣe ń nu ara ọmọ tuntun, títí irin náà fi gbẹ táútáú.

Dárasími dúró lẹ́yìn rẹ̀. Ó ní, "Kí lò ń ṣe yẹn?"

Ògúnkànmí yíjú, inú rẹ̀ dùn láti rí i. "Mò ń tọ́jú ẹ̀ ni. Ọ́ìlì ara ẹ̀ ti pọ̀ jù."

"Ta ló fi sí i?"

Ìgbà náà ni ẹ̀rín kúrò lójú rẹ̀. Ó wo aṣọ ọwọ́ rẹ̀, ó wo ọmọbìnrin náà.

Ó ṣàlàyé gbogbo rẹ̀, kò fi nǹkan kan pa mọ́. Láti ọjọ́ tó ti dé bùdó ló ti ń ṣe é. Bàbá rẹ̀ ló kọ́ ọ, láti kékeré, pé ẹ̀tù kì í fẹ́ epo. Ọdẹ tó bá jẹ́ kí epo kan ẹ̀tù, lẹ́búlẹ́bú dúdú tó ń gbaná nínú ìbọn, ẹran á dúró wò ó lójú, ìbọn rẹ̀ á sì kọ̀. Kó tó di pé wọ́n jáde lọ dẹ̀gbẹ́, àwọn méjèèjì á jókòó, wọ́n á nu ìbọn títí kò fi ní sí ọ̀rinrin kankan lára rẹ̀. Nígbà tó wá rí ọ́ìlì lára ìbọn bùdó, ó rò pé fún ìpamọ́ ni, bí wọ́n ṣe ń kun àdá tuntun lọ́jà, tí ẹni tó rà á á nù ún kó tó lò ó. Ó sì tún rò pé bóyá ọmọbìnrin náà ń dà á jù. Kò fẹ́ sọ fún un. Ẹni tí èèyàn fẹ́ràn, ó ní, èèyàn kì í fẹ́ máa bá a wí lórí iṣẹ́ ẹ̀.

Ọ̀rọ̀ yẹn, ẹni tí èèyàn fẹ́ràn, ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí yóò jáde lẹ́nu rẹ̀, ó sì bọ́ sí ìgbà tí kò sẹ́ni tó lè bá a yọ̀. Dárasími jókòó tì í lórí gbòǹgbò kaṣú.

"Ìbọn bàbá ẹ, ẹnu ẹ̀ ṣí sílẹ̀," ló sọ. "Èéfín rọ́nà lọ. Eléyìí, a ti fọwọ́ bò ó lẹ́nu nítorí àwọn màmá mi. Gbogbo ohun tí ì bá tú síta, inú ara ẹ̀ ló ń gbé e mì sí. Tí kò bá sí ọ́ìlì, gbogbo ẹ̀ á gan mọ́ ọn lọ́fun ni."

"Bàbá mi ò parọ́ fún mi rí."

"Mi ò ní wọ́n parọ́."

Ó sọ ọ̀rọ̀ kúẹ́rì fún un. Ògúnkànmí dìde lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, ó ní òun ń lọ bá ọ̀gá. Dárasími fa aṣọ rẹ̀. Òfin bùdó kò ṣòro láti lóye: ẹni tó bá fọwọ́ ara rẹ̀ ṣe ohun tí wọn kò ní kó ṣe sí ìbọn ìjọba, ilé rẹ̀ ló ń lọ. Ó ní kó jókòó. Ó ní òun á ronú sí i. Ní òtítọ́, ó ti ronú tán: òun á kọ èsì pé òun gbàgbé. Ilé ìdáná kò jìnnà sí ilẹ̀ ìyìnbọn, òun á ṣì máa rí i. Ṣùgbọ́n Ifọ̀ jìnnà sí Ìbàfo.

Ohun tó ń jẹ Ògúnkànmí lọ́kàn yàtọ̀. Kò lè gbà pé ohun tí bàbá rẹ̀ fi lé e lọ́wọ́ ló fẹ́ gba iṣẹ́ lọ́wọ́ ọmọbìnrin yìí. Ní Sátidé ó bẹ Dárasími pé kó bá òun lọ rí bàbá náà. Wọ́n wọ ọkọ̀, wọ́n sọ̀, wọ́n wọ òmíràn dé Ifọ̀, ọ̀kadà ló sì gbé wọn wọ abúlé. Lórí ọ̀kadà, Dárasími di èjìká rẹ̀ mú, ó sì ń rò ó pé bí nǹkan bá rí bó ṣe yẹ kó rí, inú òun ì bá dùn jù báyìí lọ.

Bàbá náà ń tú ẹ̀gẹ́ lẹ́yìn ilé nígbà tí wọ́n dé. Dárasími kúnlẹ̀, bàbá súre fún un, ó wò ó láti orí dé ẹsẹ̀, ó sì bi ọmọ rẹ̀ léèrè bóyá ọ̀rọ̀ ìyàwó ló gbé wọn dé, kí òun lè mọ irú ìjókòó tí òun ó jókòó. Ògúnkànmí ní kì í ṣe ìyẹn, ó ṣì ń bọ̀. Ó wá rò fún bàbá, láti orí sáláńsà dé orí kúẹ́rì. Bàbá gbọ́ ọ títí dé òpin. Ó wọlé, ó gbé ìbọn ṣakabùlà rẹ̀ kúrò lára ògiri, ó gbé e lé ọmọ rẹ̀ lọ́wọ́, ó ní kó fọwọ́ pa á.

Ọwọ́ Ògúnkànmí yọ̀ lórí irin náà. Ó ń dán. Àdín ni.

"Ẹ̀tù ni mo ní kì í fẹ́ epo," bàbá sọ. "Mi ò ní irin kì í fẹ́ epo."

Ó jókòó, ó ṣàlàyé fún wọn. Bí ẹ̀ẹ̀rùn bá dé, tí wọ́n fẹ́ ki ìbọn, wọ́n á nù ún gbẹ, torí ìbọn yìí, inú ara rẹ̀ ni wọ́n ń da ẹ̀tù sí, bí epo bá sì kàn án, ó ti bàjẹ́. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá dẹ̀gbẹ́ tán, omi gbígbóná ni wọ́n fi ń fọ dúdú inú rẹ̀, wọ́n á sá a, lẹ́yìn náà ìyá Ògúnkànmí á fi àdín ra á látòkè délẹ̀, á sì gbé e kọ́ títí òjò á fi kásẹ̀ ńlẹ̀. Ọdọọdún ni. Ó ní ta ni kò mọ̀?

"Èmi," Ògúnkànmí dáhùn.

Bàbá wò ó. "Òótọ́ ni. Kérésì lo máa ń wá, pẹ̀lú Àjíǹde. Gbogbo ìgbà òjò, o wà l'Ágbàdo, ò ń kọ́ wẹ́dà." Ó nu ọwọ́ rẹ̀ mọ́ ṣòkòtò. "Wọ́n ní àbọ̀ ọ̀rọ̀ là ń sọ fún ọmọlúàbí, tó bá dénú ẹ̀ á di odindi. Tìẹ ò rójú di odindi. Ẹ̀tù tìẹ, ṣe bí inú ọta ni wọ́n dé e mọ́?"

Dárasími ní bẹ́ẹ̀ ni, sà, èèpo ló bò ó.

"Kí wá lepo fẹ́ fi ẹ̀tù ṣe?" Bàbá yíjú sí ọmọ rẹ̀. "Gbọ́ ti ìyàwó ẹ." Kò sí ẹni tó tún ọ̀rọ̀ náà ṣe fún un.

Nígbà tí wọ́n ń bọ̀, wọ́n sọ̀ ní Mowe. Ògúnkànmí ní kí wọ́n jókòó níwájú ṣọ́ọ̀bù kan tó ti tì. Ó ra ìwé, ó yá bírò lọ́wọ́ ẹni tó ń ta káàdì, ó fi itan ṣe tábìlì, ó kọ lẹ́tà sí Ọ̀gá Sàlísù. Ó kọ ọ́ sínú rẹ̀ pé òun lòun ń nu ọ́ìlì kúrò lára ìbọn òun láràárọ̀, pé Olúwadárasími kò mọ̀, pé iṣẹ́ rẹ̀ kò ní àbùkù. Ó fọwọ́ sí i. Kó tó fi sápò, Dárasími ti gbà á lọ́wọ́ rẹ̀, ó tì í sínú báàgì rẹ̀, níbi tí èsì tirẹ̀ wà, èyí tó ti kọ láti àná pé òun jẹ̀bi, òun gbàgbé. Ó ní òun lòun máa fún ọ̀gá ní lẹ́tà, kò sì sọ èwo.

Ní Mọ́ńdè ó dé yàrá ìbọn ṣáájú gbogbo ènìyàn. Ó kàn ní kí òun fọwọ́ kan àwọn ìbọn náà bóyá fún ìgbà ìkẹyìn. Ó ń ṣí wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ń fi ìka kan bóòtù. Wọ́n tutù, wọ́n tutù. Ó wá dé orí àwọn tí ẹlòmíràn bá a gbà padà ní Sátidé tó fi lọ sí Ifọ̀. Ti Yínúsà gbẹ. Ó rò pé ìka òun ló ń tan òun. Ó kan ti Jésùlayọ̀mi, ọmọbìnrin ẹ̀ṣọ́ kan tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kọ́ ìbọn yíyìn tán. Tirẹ̀ náà gbẹ.

Ó ránṣẹ́ pe Yínúsà wá sójú fèrèsé. Yínúsà kọ́kọ́ ń ṣẹ̀fẹ̀, títí Dárasími fi bi í léèrè ẹni tó nu ọ́ìlì ìbọn rẹ̀. Ó ní ṣe bí Kànmí ló ń ṣe é. "Ṣé kì í ṣe òun ló ń yìn ín dáa jù? Mo wò ó, mo ní, àṣírí ẹ̀ rèé. Èmi náà wá ń nu tèmi. Èmi ni mo kọ́ Jésùlayọ̀mi." Ó béèrè bóyá nǹkan wà níbẹ̀. Ó ní òun àti Jésùlayọ̀mi wà lára àwọn tó ń wọ igbó Ọbáfẹ́mi lọ́la.

Dárasími di irin fèrèsé mú. Ó rí i bí ẹni tó ń lá àlá: Yínúsà aláwàdà, nínú igbó, tó fa ìfà, tí ìbọn kò dáhùn. Tó bá fún ọ̀gá ní lẹ́tà tirẹ̀, wọ́n á gbé e lọ sílé ìdáná, ọ̀rọ̀ á tán síbẹ̀. Kò sí ẹni tó máa béèrè aṣọ funfun lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Ẹlòmíràn á gba kọ́kọ́rọ́, á máa fi ọ́ìlì sí i, àwọn ọmọ yìí á máa nù ún. Gbogbo òpin ọ̀sẹ̀ ló fi rò pé ẹni tó fẹ́ràn èèyàn a máa bo èèyàn láṣìírí. Ògúnkànmí náà ti fẹ́ràn òun bẹ́ẹ̀, ó dákẹ́ nítorí pé kò fẹ́ bá òun wí. Òun náà kò sì sọ fún àwọn ẹ̀ṣọ́ rí ìdí tí ìbọn wọn fi ń tutù, òun rò pé gbogbo wọn mọ̀. Àwọn méjèèjì dákẹ́ tìfẹ́tìfẹ́, ìbọn méjì mìíràn sì gbẹ.

Ó bá Ògúnkànmí lábẹ́ kaṣú. Ó sọ ti Yínúsà fún un. Ọmọkùnrin náà fi ọwọ́ bo ojú, ó yọ ọ́.

"Èwo lo fẹ́ fún wọn?" ló béèrè.

"Tìẹ."

Ó mi orí pé bẹ́ẹ̀ ni. Kò bẹ̀bẹ̀, kò sì ṣe bí akọni. Ẹ̀rù ń bà á. Ó ní, "Tí wọ́n bá lé mi, Ifọ̀ náà ni mò ń lọ. Mi ò lọ sí ìlú òyìnbó."

"Kí ni mo fẹ́ sọ fún mọ́mì mi tí mo bá ń lọ sí Ifọ̀ ní gbogbo Sátidé?"

"Sọ fún wọn pé ọkọ ẹ ló wà níbẹ̀."

"Ta ló fi ẹ́ ṣe ọkọ?"

"Mò ń kọ lẹ́tà ìyẹn lọ́wọ́," ó ní. "Ẹ jẹ́ ká lọ fún wọn ní èyí ná, Ọ̀gá Ọ́ìlì."

Wọ́n jọ rìn lọ sí ọ́fíìsì. Ọ̀gá Sàlísù ń mu tíì, ó fi ìwé iṣẹ́ igbó Ọbáfẹ́mi síwájú, ó ń fi bírò to orúkọ. Kò gbójú sókè. Ó ní èsì kúẹ́rì dà. Dárasími kúnlẹ̀. Ògúnkànmí dọ̀bálẹ̀, ó dìde, ó dúró tì í, ọ̀gá sì wá gbójú sókè, ó ń wo àwọn méjèèjì, ó béèrè ohun tí ọmọ yìí wá ṣe.

"Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ kà á kí ẹ tó buwọ́ lu orúkọ àwọn tó ń wọ igbó," ni Dárasími sọ.

Ó kó ọwọ́ bọ báàgì. Lẹ́tà méjèèjì wà níbẹ̀. Ó mọ tirẹ̀ nítorí pé ó ká a kéré, ó tì í sísàlẹ̀. Ó mú ti Ògúnkànmí, tó ní àpá ọwọ́ dúdú létí rẹ̀, ó fi ọwọ́ méjèèjì gbé e, ọ̀gá sì na ọwọ́, ó gbà á.